Báwo Ni Ilé Ẹjọ́ Kan Náà Ṣe Sọ Pé Rárá, Tó Tún Wá Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, adájọ́ mẹ́sàn-án ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Sue Rodriguez. Ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òfin gba dókítà láyè láti ràn án lọ́wọ́ láti kú, nígbà tí ìyà àìsàn rẹ̀ bá ti kọjá ohun tó lè fara dà. Adájọ́ mẹ́rin ní kí wọ́n gbà fún un. Àwọn márùn-ún yòókù ní rárá. Ó pàdánù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kan náà, ní ìlú Ottawa kan náà, tún sọ̀rọ̀ lórí òfin yẹn gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fohùn ṣọ̀kan pé òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn mọ́lẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fi orúkọ adájọ́ kankan síwájú ìdájọ́ náà. Gbogbo ilé ẹjọ́ ló fọwọ́ sí i pa pọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á béèrè pé kí ló wá yí padà. Èsì tó yá lẹ́nu jù ni pé àwọn adájọ́ ló yí padà. Òótọ́ sì ni pé nínú àwọn mẹ́sàn-án ti 1993, Beverley McLachlin nìkan ló ṣẹ́ kù ní 2015. Ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ohùn wọn kò lékè nígbà yẹn. Òun sì ni adájọ́ àgbà lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n èsì yẹn kò tó. Adájọ́ tuntun kò lè jí lówùúrọ̀ kó da ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nù torí pé kò bá a lára mu. Ọ̀nà kan wà tó gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀nà yẹn la fẹ́ tọ̀ nínú orí yìí, ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé.

Eku inú ògiri

Ká tó dé kóòtù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ilé ìwòsàn. Orúkọ àìsàn tó ń ṣe Sue Rodriguez ni ALS, ẹni tí kò bá sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní lóye ẹjọ́ náà.

Ẹ fojú inú wo ilé kan tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Iná ń jáde dáadáa. Fáànù kò bàjẹ́, gílóòbù kò jó. Ṣùgbọ́n eku wà nínú ògiri, ó ń jẹ wáyà. Lónìí, fáànù yàrá kan dúró. Lóṣù tó ń bọ̀, iná pálọ̀ kú. Bí ALS ṣe rí nìyẹn. Ọpọlọ ni jẹnẹrétọ̀. Ẹran ara apá, ẹsẹ̀, ahọ́n àti ọ̀fun ni fáànù àti gílóòbù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn bí òwú, tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹran ara, ni wáyà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ń kú. Ẹran ara tí àṣẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ kò níṣẹ́ tó máa ṣe, á sì máa gbẹ.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́, tàbí ẹsẹ̀ kan tó ń kọ níbi tí kò sí òkúta. Tó bá yá, ọwọ́ á rọ, ohùn á lọ, omi tí èèyàn mu á máa pá a lórí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé iṣan tí a fi ń mí á rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í lò ju ọdún méjì sí márùn-ún lọ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó burú jù nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni ohun tí àìsàn náà kì í mú lọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn, làákàyè ṣì pé. Ojú ń ríran, etí ń gbọ́. Tí eṣinṣin bá bà lé iwájú orí aláìsàn náà, ó mọ̀ ọ́n lára, ó mọ ibi tó wà, ó mọ ìgbà tó ṣí ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó máa lé e ni kò sí.

Sue Rodriguez jẹ́ ẹni ọdún 42 nígbà ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Victoria, ní ẹkùn British Columbia, ló ń gbé, ó sì ní ọmọkùnrin kékeré kan. Kò fẹ́ kú lọ́jọ́ tó lọ sí kóòtù. Ó fẹ́ wà láàyè fún ìwọ̀n ìgbà tí ayé bá ṣì dùn mọ́ ọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí kò bá ní dùn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì yá a lọ́wọ́ máa lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1992, nínú fídíò tí wọ́n gbé síwájú àwọn aṣòfin, ó bi wọ́n léèrè pé ara ta ni ara yìí, àti pé ta ló ni ayé òun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa pa á lówe níbí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Kò sí ẹni tó dójú ti obìnrin yìí, kò sì sá fún ìtìjú kankan. Ọ̀rọ̀ ìrora àti ti àṣẹ lórí ara ẹni ló gbé dé kóòtù.

Ohun mẹ́ta tí à ń dà pọ̀

Àríyànjiyàn orí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dojú rú nítorí pé ohun mẹ́ta là ń fi ẹnu kan pè. Àkọ́kọ́ ni kíkọ ìtọ́jú: aláìsàn ní kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, tàbí kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń bá òun mí, àìsàn á sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kí dókítà kọ oògùn fún aláìsàn, kí aláìsàn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó. Ẹ̀kẹta ni pé kí dókítà fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe é, bí aláìsàn ṣe bẹ̀ ẹ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta ni mo máa pè ní *ikú ìrànwọ́* nínú ìwé yìí. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, èkejì nìkan ni òfin gbà. Ní Kánádà òde òní, méjèèjì ni.

Kíkọ ìtọ́jú kì í ṣe ohun tuntun. Lójú òfin, ẹni tó bá fi abẹ́ tàbí abẹ́rẹ́ kàn ọ́ láìgba àṣẹ rẹ ti ṣẹ̀ ọ́, dókítà ì báà jẹ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà pàápàá fìdí èyí múlẹ̀ ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí fìyà jẹ nítorí pé kò fipá fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin kan lára, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè. Ilé ẹjọ́ ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà kan náà, abala 326 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tó bá ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ rántí kíkọ ìtọ́jú yìí. Ó máa wúlò fún wa níwájú.

Ìlẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì

Kánádà ti yọ ìgbìyànjú láti pa ara ẹni kúrò nínú ọ̀ràn láti 1972. Ríran ẹni lọ́wọ́ láti ṣe é ni wọ́n fi sílẹ̀: abala 241 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 ló wà fún un. Abala 14 tún sọ pé kò sẹ́ni tó lè gbà kí wọ́n pa òun. Bó o tilẹ̀ gbà, apààyàn ni ẹni tó ṣe é.

Ní 1982, orílẹ̀-èdè náà gbé Ìwé Ẹ̀tọ́ kalẹ̀, ó sì fi í ṣe olórí gbogbo òfin. Òfin tó bá ta ko ìwé yìí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Abala keje rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé, ó sì dà bí ìlẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òfin tí òun ń bá jà fọwọ́ kan ẹ̀mí òun, òmìnira òun, tàbí ààbò ara òun. Kọ́kọ́rọ́ kan nìyẹn. Ó wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí òfin náà ṣe fọwọ́ kàn án kò bá ìpìlẹ̀ ìdájọ́ òdodo mu. Tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, ìjọba ṣì láyè kan, nínú abala kìíní, láti ṣàlàyé pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí òun lè gbà.

Ní 1993, kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ṣí. Adájọ́ Sopinka, tó kọ ìdájọ́ àwọn márùn-ún, gbà pé òfin náà ń dí obìnrin yìí lọ́wọ́ lórí ohun tó jẹ́ ti ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló kọ̀. Ó ní ìjọba ń dáàbò bo àwọn tí kò lágbára, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àwọn ará ilé lè tì síbi ikú. Ó ní kò sí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn kan tó dìídì ṣòfin gba irú èyí láyè. Tí wọ́n bá sì ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò sí ohun tó dájú pé ó máa dì í mú kó má ṣí gbayawu.

Adájọ́ àgbà ìgbà náà, Antonio Lamer, wà lára àwọn mẹ́rin. Ìdọ́gba ló tẹnu mọ́. Ó ní nígbà tí òfin kò ti fìyà jẹ ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ mọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ nìkan ni òfin ìrànwọ́ yìí wá ká mọ́. Ojú kan náà ni òfin fi ń wo gbogbo èèyàn lórí ìwé. Orí abirùn nìkan ni ẹrù rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ohùn kan péré ló ya ọ̀tún kúrò lára òsì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1994, Sue Rodriguez kú nínú ilé rẹ̀. Dókítà kan ràn án lọ́wọ́, ẹni tí ayé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Svend Robinson, aṣòfin kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Télọ̀ àti ìwọ̀n àtijọ́

Ìdájọ́ 1993 wá di ohun tí mo máa pè ní *ìdájọ́ àwòkọ́ṣe*. Ohun tí ilé ẹjọ́ gíga jù bá ti sọ, àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kì í ṣe agídí. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, oníkálukú ò ní mọ ohun tí òfin jẹ́ títí tó fi máa dé iwájú adájọ́ tirẹ̀.

Ó dà bí ìwé ìwọ̀n tó wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ọ̀gá ti wọn oníbàárà, ó ti kọ àyà, apá àti gígùn sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé aṣọ sí ìwọ̀n tó wù ú. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà yẹn bá padà wá lẹ́yìn ogún ọdún, tí ikùn ti yọ, tí èjìká ti yí, ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ìwọ̀n àtijọ́ gé aṣọ ti bọ̀wọ̀ fún ìwé, kò ran oníbàárà lọ́wọ́. Òfin mọ èyí. Ó fàyè sílẹ̀ kí adájọ́ ìsàlẹ̀ tún ìwọ̀n mú tí ọ̀rọ̀ òfin tuntun bá yọjú, tàbí tí ẹ̀rí bá ti yí padà débi pé àríyànjiyàn náà kì í ṣe èyí tí wọ́n jà lánàá mọ́.

Ẹ̀rí sì ti yí padà. Àwọn olùdìbò Oregon gba òfin tiwọn wọlé ní 1994, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Netherlands àti Belgium gbé tiwọn jáde ní 2002. Ìpínlẹ̀ Washington dìbò fún tirẹ̀ ní 2008. Gbogbo wọn ló ń ṣe àkọsílẹ̀: ta ló béèrè, àìsàn wo ló ń ṣe é, ta ni wọ́n kọ̀ fún. Ohun tí Sopinka bẹ̀rù ní 1993, ìméfò ni, nítorí kò sí ibi tí èèyàn ti lè lọ wò ó. Ní 2011, ìwé wà tí èèyàn lè ṣí.

Àwọn tó ṣí i nìyí. Kay Carter, ìyá ẹni ọdún 89, ní àìsàn kan tó ń mú kí ihò inú ọ̀pá ẹ̀yìn dín, tó fi ń tẹ okùn iṣan inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ò fẹ́ parí ayé òun bíi pátákó tí wọ́n ń lọ aṣọ lórí rẹ̀, kí òun kàn tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lórí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀, Lee, àti ọkọ Lee, Hollis Johnson, gbé e lọ sí Switzerland ní oṣù Kìíní 2010, níbi tí òfin kò ti ka ìrànwọ́ sí ọ̀ràn àyàfi tí ẹni tó ṣe é bá ń wá èrè ara rẹ̀. Ìyá kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ padà sílé, wọ́n sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn rà fún ìyá àwọn lè sọ àwọn dẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n pẹjọ́ ní 2011 pẹ̀lú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní British Columbia. Gloria Taylor, tí ALS ń ṣe bíi ti Rodriguez, dara pọ̀ mọ́ wọn. Joseph Arvay ló ṣaájú àwọn agbẹjọ́rò wọn, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni òun fúnra rẹ̀ sì ti ń rojọ́.

Ẹni tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń dẹ́rù bà

Adájọ́ Lynn Smith ló gbọ́ ẹjọ́ náà ní kóòtù ìsàlẹ̀. Ìwé ìbúra tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ nípa ìwà híhù, àwọn abirùn, àti àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin Oregon àti ti Yúróòpù. Ìdájọ́ tó kọ ní oṣù Kẹfà 2012 lé ní 1,400 ìpínrọ̀. Ohun méjì nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ yani lẹ́nu. Ó ní òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ẹ̀mí yìí ń ké ẹ̀mí kúrú. Báwo?

Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ jẹ́ ká dúró sí ọjà náà. Obìnrin kan wá láti abúlé tó jìnnà, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé lẹ́yìn aago kan, kò ní sí ọkọ̀ kankan tó máa gbé e. Kí ló máa ṣe? Ọ̀sán gangan ló máa palẹ̀ mọ́, tí àwọn oníbàárà ṣì ń bọ̀. Ká ní ó dá a lójú pé ọkọ̀ máa wà nígbàkigbà tó bá ṣe tán, ì bá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ALS ń ṣe. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun máa kú kí ìyà tó dé ibi tó máa le jù. Tí òfin bá ti sọ pé kò sẹ́ni tó máa ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, àfi kó gbé ìgbésẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà tó ṣì lè bá ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn oṣù tó wà láàárín, òfin ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ Smith rí i nínú ẹ̀rí pé èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn gidi. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ fi ṣí lọ́nà tí kò gbà ṣí rí: ẹ̀tọ́ láti wà láàyè pàápàá ti wọnú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gloria Taylor jẹ́ kí n gba àlàyé yìí gbọ́. Adájọ́ Smith fún un ní àyè ọ̀tọ̀, òun nìkan ní gbogbo Kánádà, láti gba ìrànwọ́ dókítà nígbà tó bá fẹ́. Ó ti sọ ní kóòtù pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni ikú tó máa pa ìgbé ayé òun rẹ́ dípò kó parí rẹ̀. Àṣẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Kò lò ó. Àìsàn mìíràn tó kọlù ú lójijì ló pa á, ní oṣù Kẹwàá 2012.

Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́

Ohun kejì ni mo máa pè ní *àkójù*. Apẹja fẹ́ mú ẹja ńlá kan tó ń ba oko ẹja jẹ́. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ló dà sómi. Ó rí ẹja yẹn mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó ọmọ ẹja, edé àti alákàn tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ ọn. Òfin tó bá rí bẹ́ẹ̀, tó kó àwọn tí kò wà fún mọ́ àwọn tó wà fún, kò bá ìpìlẹ̀ ìdájọ́ òdodo mu.

Kí ni òfin ìrànwọ́ náà wà fún? Láti dáàbò bo ẹni tí kò lágbára, kí ẹnikẹ́ni má tì í síkú nígbà tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ète rere ni. Àmọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ gbà ní kóòtù pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè ni kò lágbára. Àwọn kan wà tí wọ́n ti rò ó dáadáa, tí orí wọn pé, tí ìpinnu wọn kò yẹ̀. Àwọ̀n náà kó wọn. Kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí. Ní 1993, àkójù kò tíì di ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ara wò bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ mìíràn tí ilé ẹjọ́ gíga jù náà dá ní ìparí 2013 ló sọ ọ́ kedere pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá há sínú àwọ̀n láìtọ́, ó tó.

Ìjọba wá lo àyè rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó ní: omi dúdú, a ò lè dá ẹja mọ̀ yàtọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ń fẹ́ kú tọkàntọkàn àti ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tì, ìkan náà ni wọ́n jọ lójú dókítà. Nítorí náà, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ nìkan ló lè ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tó ṣeé fi ẹ̀rí dáhùn ni èyí. Ṣé dókítà lè dá wọn mọ̀ àbí kò lè dá wọn mọ̀? Ibí ni kíkọ ìtọ́jú ti padà wá. Tí aláìsàn bá ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń bá òun mí, kí ni dókítà máa ń ṣe? Ó máa jókòó tì í. Ó máa wò ó bóyá orí rẹ̀ pé, bóyá ó lóye ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì tó ṣeé wò sàn ló ń sọ̀rọ̀, bóyá ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fúngun mọ́ ọn. Ikú ló wà ní òpin ìpinnu yẹn náà. Tó bá jẹ́ pé dókítà kò lè ṣe àyẹ̀wò yìí, a jẹ́ pé ewu ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àkọsílẹ̀ Oregon àti Netherlands tó wà níwájú Adájọ́ Smith kò sì fi hàn pé àwọn arúgbó tàbí abirùn ni ikú ìrànwọ́ ń kó lọ ju àwọn yòókù lọ. Ó parí rẹ̀ sí pé òfin tó ní ìkáwọ́ tó le lè dín ewu náà kù.

Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ rẹ̀ nù ní 2013, méjì sí ẹyọ kan: wọ́n ní ìwọ̀n ọ̀gá ṣì wà nínú ìwé, ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọn oníbàárà fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù ló sọ ní 2015 pé ó tọ̀nà láti wọ̀n ọ́n.

Òrùlé nígbà òjò

Ilé ẹjọ́ kò fagi lé òfin náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá rí i pé páànù ilé òun ti dógùn-ún kì í ká a nínú òjò kó tó ra tuntun. Wọ́n fún àwọn aṣòfin ní oṣù méjìlá, wọ́n sì tún fi mẹ́rin kún un. Ẹni tí ìdájọ́ náà wà fún ni àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, tó gbà láìsí iyèméjì, tí àìsàn ńlá tí kò ní àtúnṣe sì ń fi ìyà tí kò lè fara dà jẹ. Wọn ò sọ ọ́ di dandan fún dókítà kankan pé kó ṣe é.

Òfin jáde ní oṣù Kẹfà 2016. Àwọn aṣòfin fi gbólóhùn kan kún un tí ilé ẹjọ́ kò sọ: pé ikú àìsàn náà gbọ́dọ̀ ti ṣeé rí lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá Kay Carter fúnra rẹ̀ máa rí ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Ní Quebec, Jean Truchon, tí ara rẹ̀ ti rọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí apá òsì rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń lò sì tún kú ní 2012, gbé gbólóhùn náà lọ sí kóòtù pẹ̀lú aláìsàn mìíràn, Nicole Gladu. Wọ́n borí ní 2019. Láti 2021, ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀kan fún ẹni tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́, èkejì fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì sún mọ́, èyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà tó 90 ọjọ́, ó kéré tán. Ẹni tó jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ nìkan ló ní kò tíì lè gba ìkankan. Wọ́n ti sún ti wọn sí oṣù Kẹta 2027.

Ní 2023, ó lé ní 15,000 èèyàn tó kú lọ́nà yìí ní Kánádà, ìyẹn bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó kú lọ́dún náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Àìsàn jẹjẹrẹ ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn.

Mo gbà pé àwọn adájọ́ 2015 wo ẹ̀rí dáadáa, mi ò sì lè sọ fún Gloria Taylor pé kó fara dà á. Ọ̀nà kejì ni kò jẹ́ kí n sùn. Tí ọ̀dọ́ kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá ní ayé ti sú òun, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn ló sú u, tàbí ilé alátẹ̀gùn tí wọ́n fún un, tí kò lè gùn. Dókítà lè wo làákàyè rẹ̀, kó pé. Ó lè béèrè bóyá ẹnì kan ń tì í, kò sì ní sí ẹnì kan tó ń tì í. Òfin sọ pé kí wọ́n sọ fún un nípa àwọn ìrànlọ́wọ́ tó wà; sísọ fún un àti rírí i gbà kì í ṣe ìkan náà.

Àwọn abirùn fúnra wọn ló gbé ìbéèrè yìí sókè jù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, àwọn ẹgbẹ́ wọn kan pe ìjọba Kánádà lẹ́jọ́ ní Ontario pé kí kóòtù fagi lé ọ̀nà kejì. Abala keje ni wọ́n mú lọ́wọ́, abala kan náà tí Gloria Taylor fi ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú abala ìdọ́gba tí Lamer tẹnu mọ́ ní 1993. Àwọn náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn adájọ́ pé ẹ̀mí wọn ni òfin tuntun yìí fọwọ́ kàn.